Obìnrin Tó Pọnmọ Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Hannah ní Odode, òun náà ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fẹ́ràn òun. Adìẹ ló ń tà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń dúńbú wọn fún oníbàárà. Bí ẹnìkan bá tẹ àyà adìẹ kan wò, tó tún na ọwọ́ sí òmíràn, Hannah á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ gbé e níyàwó ni àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́?" Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, Ọmọlará, adìẹ yìí náà ló fi tọ́ ọ dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, á wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, á jókòó sí ìlà kejì, àwọn tó kù á sì sún síwá sún sẹ́yìn kí wọ́n má baà jókòó tì í. Wọ́n ní òórùn ìyẹ́ adìẹ kì í kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kì í bà á lẹ́rù. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ó lè pa ogójì adìẹ kí oòrùn tó kan àtàrí, kó sì bu ẹ̀bà jẹ lẹ́yìn rẹ̀ láìmí ìmí ẹ̀dùn kankan. Ṣùgbọ́n ó níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ń dúró. Kì í pa ohun tí kò bá rí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Kì í sì í pa àgbébọ̀ tí òròmọ bá ń tẹ̀ lé. Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé kan wá lọ́jọ́ kan, ó ní èyí tó ń kó ọmọ kiri yẹn gan-an lòun ń fẹ́ nítorí pé ó sanra. Hannah ní kò sí ní títà. Obìnrin náà ní owó òun tó láti rà á. Ni Hannah bá da omi gbígbóná tó fẹ́ fi tu ìyẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bó o lẹ́sẹ̀. "Ẹ lọ ra ẹja!" ló sọ fún un.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, lóko kòkó wọn lọ́nà Atosin, adìẹ kan tó sàba fi ẹnu sọ ọ́ lọ́wọ́, òun náà sì fi òkúta fọ́ ọ lórí. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó se adìẹ náà, ó ní kó jẹ ẹ́ tán lóun nìkan, àti orí tó fọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jẹ ẹ́ tẹkún tẹkún. Ẹyin mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ adìẹ náà sì bàjẹ́ lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó kó wọn dànù títí wọ́n fi ń rùn. Láti ìgbà náà ni Hannah ti mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Wàyí o, Olúlékè, ọmọ Benedict, lóun fẹ́ fẹ́ Ọmọlará. Ọmọ Odode ni Benedict, ìjọ Àgùdà ló ń lọ, ó sì ń ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba kan l'Ékòó. Gbogbo Kérésìmesì ló máa ń wálé pẹ̀lú Agatha ìyàwó rẹ̀, wọn á tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí àdúgbò gbọ́rọ̀ ara wọn. Ní Kérésìmesì ọdún 1981, wọ́n ránṣẹ́ sí Hannah pé kó wá sílé àwọn kí ẹbí méjèèjì lè mọ ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Ìyá ìyàwó ló máa dìde lọ bá ẹbí ọkọ nílé wọn! Benedict ní kò síná nílé Hannah, àti pé ohun kan wà tóun fẹ́ fi hàn án.

Inú bí Hannah, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó fẹ́ ìgbéyàwó náà ju bí Ọmọlará pàápàá ṣe fẹ́ ẹ lọ. Ọmọ ọmọ ló ń wá. Ó ti ra òjá tuntun méjì pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbé ọmọ láti ìgbà tí Ọmọlará ti ń rìn, ó sì máa ń ṣe é bíi pé nǹkan sọnù níbẹ̀. Ó so àkùkọ méjì tó tóbi jù lẹ́sẹ̀, ó mú wọn dání, òun àti Ọmọlará sì lọ.

Àpótí dúdú kékeré kan ni ohun tí Benedict fẹ́ fi hàn án. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pá kúkúrú kan tó ní bọ́tìnnì pupa sì wà lára rẹ̀. Géèmù ni wọ́n pè é. Olúlékè dọ̀bálẹ̀ kí Hannah tán, ó gbé ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ fi èyí darí ìbọn, Màámi. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ó máa dún."

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ òfuurufú yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mà. Iná lásán ni."

Hannah tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà fọ́n ká. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn. Ọwọ́ tó ti ń di ọ̀bẹ mú láti ogún ọdún kì í gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì mú. Ó já ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún lulẹ̀ tẹ̀ léra wọn. Benedict, tí kò já ju mọ́kànlá lọ rí láti ọjọ́ tó ti rà á, dẹ́kun ẹ̀rín.

Agatha ní, "Kí lẹ rò tẹ́lẹ̀? Ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni." Hannah gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ó tún gbé e mì.

Ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú bá tán. Ojú ọ̀nà kan yọ, àwọn èèyàn pélébé pélébé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Hannah gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ọ̀tá ni wọ́n," Benedict dáhùn.

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n ń sá lọ ni. Ẹ tètè yìnbọn!"

"Bí wọ́n bá ń sá lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Ìkan yọ lẹ́yìn wọn, kò yá tó àwọn tó kù. Ó wọ nǹkan tó fẹ̀ nídìí bíi ìró, kókó ìmọ́lẹ̀ kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Hannah na ìka sí i. "Ìyẹn pọnmọ."

"Báàgì ni, Ìyá Ọmọlará," Benedict wí. "Ẹrù ló gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni tirẹ̀."

"Orí la fi ń ru ẹrù. Ọmọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn."

"Òyìnbó ló ṣe é, kì í ṣe ará Odode."

"Òyìnbó kì í bímọ ni?"

Ó na ọ̀pá náà sí Olúlékè. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí kò ṣe rọ̀ ọ́ fún oníbàárà kankan rí. "Lékè, ọmọ mi. Nítorí tèmi, jẹ́ kó kọjá."

Olúlékè wò ó. Ó wo bàbá rẹ̀. Benedict ti ń rẹ́rìn-ín padà: "Ó dára o! Ìyá ìyàwó rẹ ló kù tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn." Obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n náà ti fẹ́ẹ̀ kọjá tán, ó ku díẹ̀ kó wọ etí gíláàsì. Olúlékè fi ìbọn lé e dé ibẹ̀, ó tún bojú wo Hannah lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Nǹkan ké tín-ín nínú àpótí náà.

"Ọgọ́rùn-ún!" Benedict pàtẹ́wọ́.

Hannah dìde. "Mi ò fọmọ fún yín mọ́."

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀, Agatha náà dìde, ó sì ju ọ̀wọ̀ tó ń bù fún un láti àárọ̀ nù. "Ìwọ Hannah! Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ kì í gbẹ léèékánná rẹ, ìwọ lo wá pe ọmọ mi ní apànìyàn nínú ilé mi?"

"Èmi mọ àwọn tó ń jẹ èyí tí mo bá pa. Ìwọ sọ ẹni tó máa jẹ èyí tí ọmọ rẹ pa."

"Iná ni! Iná lásán ni, obìnrin yìí!"

Hannah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àkùkọ rẹ̀ méjèèjì yọ lábẹ́ tábìlì, ó gbá wọn lẹ́sẹ̀ mú, ó sì bọ́ sójú títì, tàwọn ti ariwo wọn. Ẹ̀bùn tó gbé wá fún àna! Ọ̀rọ̀ àkùkọ méjì yẹn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rín ní Odode títí kòkó fi tán lórí igi. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Onítẹlifíṣọ̀n, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá adìẹ inú àwòrán náà wà ní títà. Èpè ni Hannah fi ń sin gbogbo wọn padà sílé.

Ọmọlará kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Màámi, iná lẹ fẹ́ torí ẹ̀ ba ayé mi jẹ́."

"Mo mọ̀ pé iná ni. Ṣé o rò pé orí mi dàrú?"

"Kí ló wá dé?"

"Mo sọ fún un pé lójú tèmi, ọmọ ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wojú mi, kó tó tẹ̀ ẹ́."

Ọmọlará ní bàbá Olúlékè wà níbẹ̀, kí ni Hannah fẹ́ kó ṣe? Hannah ní kò sọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kò ní wà níbẹ̀. Kí ẹ má ṣe rò pé ó rí ìkà kan pàtó lára ọmọkùnrin náà o. Olúlékè kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí, kò sì gbá Ọmọlará títí di òní. Hannah kàn rí ohun kan tí kò jẹ́ kó rí oorun sùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n pé àwọn ò rí nǹkan.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà l'Ékòó ní Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e. Hannah kò lọ. Adìẹ méjìdínlọ́gbọ̀n ló pa lọ́jọ́ náà fún àwọn tó ń ṣòkú ní Aládé, ó sì gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, lẹ́tà dé pé Ọmọlará ti bí ọkùnrin, àti pé yóò wálé lọ́sẹ̀ Àjíǹde. Inú Hannah dùn débi pé ó kí ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé lójú títì. Ó fọ òjá méjèèjì, ó sá wọn, ó tún fọ̀ wọ́n nígbà tí eruku bà wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó yẹ kí Ọmọlará dé, ó jókòó níwájú búkà tó ti ń ta adìẹ, ó ń tu ìyẹ́. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ibùdókọ̀, nísàlẹ̀ òkè, ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó yọ kókó. Ó mọ ìrìn Ọmọlará. Ó sọ adìẹ sílẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fọ̀ ọ́. Ó sá wọlé lọ mú òjá. Nígbà tó jáde, Ọmọlará ti dé iwájú rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀. Báàgì ló fi okùn gbé kọ́ ẹ̀yìn, bí àwọn ará Èkó ṣe ń ṣe.

"Ọmọ dà?"

"Wọn ò jẹ́ kí n gbé e wá." Ọmọlará kò wo ojú rẹ̀. "Ìyá Lékè ní kẹ́ ẹ wá s'Ékòó. Kẹ́ ẹ jókòó sídìí géèmù yẹn, kẹ́ ẹ yìnbọn lu obìnrin yẹn lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ò pe ọmọ wọn ní apànìyàn mọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré, Màámi. Wọ́n á gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì yín. Aago mẹ́rin lọkọ̀ wa ń lọ."

Hannah wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń kán omi.

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ ti yìnbọn lù ú rí?"

"Gbogbo wa la máa ń yìnbọn lù ú," ni Ọmọlará wí. "Ẹrù ni, Màámi."

Hannah ká òjá méjèèjì, ó kì wọ́n bọ inú báàgì ọmọ rẹ̀. "Fi pọ̀n ọ́n fún mi," ló wí. Ọmọlará sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, nígbà tó yá ó bínú, ó pè é ní olóríkunkun, ó sì gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn padà. Ó ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù.

Hannah dúró lẹ́nu búkà rẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń kọjá lọ lójú títì, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú kókó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dùn ún débi pé ó di òpó búkà mú. Kó kàn pariwo pé "Mò ń bọ̀" ló kù, Ọmọlará á dúró, ilẹ̀ ọ̀la ò sì ní mọ́ kí ọmọ tó wà lẹ́yìn òun náà. Ó lanu. Ọmọlará dé ìyànà, ibi tí ògiri ilé Benedict ti bo ọ̀nà. Hannah pa ẹnu dé, ó sì jẹ́ kó kọjá.