Sítáḿpù Wẹ́wẹ́ Tí Jẹ́jẹ́lọlá Fi Ránṣẹ́ sí Àbúrò Rẹ̀

Ìkàrẹ́ ni Jẹ́jẹ́lọlá àti Theophilus ọkọ rẹ̀ ti wá, kí wọ́n tó rí ilé gbà sí Bódìjà tuntun. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyàwó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà kan. Ọkàn wọn ì bá balẹ̀, bí kò bá ṣe ti Wùnmí, àbúrò Jẹ́jẹ́lọlá, tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà.

Lẹ́tà tó kọ kẹ́yìn dé nígbà ọyẹ́. Ó ní ikọ́ ń bá òun jà, wọ́n sì ti gba òun sí ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, kò gbin mọ́, òjò sì ti ń rọ̀ báyìí. Jẹ́jẹ́lọlá kọ̀wé títí, kò rí èsì. Ìyá wọn ránṣẹ́ láti Ìkàrẹ́ pé kí wọ́n má fi òkú ọmọ pamọ́ fún òun.

Àsìkò yìí ni aládùúgbò wọn kan, ìyàwó olùkọ́ Amẹ́ríkà ní yunifásítì, ń palẹ̀ ilé mọ́. Ó kó àwọn sítáḿpù ìlú rẹ̀ kan fún Jẹ́jẹ́lọlá, onísẹ́ǹtì kan àti onísẹ́ǹtì méjì, tí kò tíì lò. Ó ní kò sí ohun tí òun lè fi wọ́n ṣe níbí, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa fi ṣeré.

Jẹ́jẹ́lọlá bi ọkọ rẹ̀ bóyá wọ́n wúlò fún nǹkan kan.

“Ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dúgbẹ̀, bébà lásán ni,” ni Theophilus wí. “Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, owó ni. Bó ti wù kó kéré tó, bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tó iye tí wọ́n ń gbà, lẹ́tà á dé ibi tó ń lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Jẹ́jẹ́lọlá lára. Ó mọ Wùnmí: ebi lè pa á sùn, kò ní tọrọ iyọ̀. Aláìsàn tí kò ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa ra sítáḿpù fún un? Kò fún ọmọ kankan ní ọ̀kan nínú wọn. Ó kó gbogbo wọn sínú lẹ́tà, ó sì kọ ọ́ pé kí Wùnmí lẹ̀ wọ́n kún ojú àpò ìwé bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó àwọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Theophilus yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Kò wá síbẹ̀ rí. Ẹfun ìkọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́lọlá. Ṣùgbọ́n kí ọkọ rẹ̀ tó kí i ló ti na lẹ́tà sókè. Sítáḿpù wẹ́wẹ́ bo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn wọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bo orúkọ mọ́lẹ̀.

Jẹ́jẹ́lọlá kò tíì já a tó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ.

“Ọwọ́ Wùnmí ni,” ó wí. “Ó wà láàyè.”

Ara Wùnmí ti ń yá. Ó ti kọ̀wé nígbà méjì, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ ni àwọn lẹ́tà náà wà, nítorí ojú ń tì í láti tọrọ sítáḿpù. Jẹ́jẹ́lọlá rẹ́rìn-ín, ó bú u díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹkún gbà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé lẹ́tà náà lọ sí Ìkàrẹ́. Ìyá wọn kò mọ̀wé. Ó ń fọwọ́ kan àwọn sítáḿpù náà.

“Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló fi itọ́ lẹ gbogbo èyí?”

“Òun ni, Ìyá mi.”

Ìyá dìde, ó sì lọ gbé iṣu kaná.