Àdúrà Àárọ̀ ní Tremont

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú kan ìlú New York. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò sì retí pé ọkọ̀ òfúrufú tún kù fún mi láyé. Ṣùgbọ́n Fúnmiláyọ̀, àbúrò mi, ránṣẹ́ pé kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun.

Àkùkọ kò tíì kọ tí a fi kúrò ní Iléṣà. Awakọ̀ wa, Súlè, gbé àpò mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

“Màmá, gààrí nìkan ló wà nínú èyí? Ṣé wọn ò ní oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ni?”

“Wọ́n ní oúnjẹ. Wọn ò ní gààrí Ìjẹ̀ṣà.”

Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà títí a fi dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni mo rí oorun díẹ̀ sùn kí a tó wọ Èkó.

Àdúgbò Flatbush ní New York ni Fúnmi ń gbé, ṣùgbọ́n Tremont, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Bronx, ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó láti wẹ̀ wọ́n, láti fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a lọ, nítorí ilé máa ń dá páropáro lẹ́yìn rẹ̀. Sọ́bùwéè là ń wọ̀, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là mẹ́ta, yálà o sọ̀ ní ibùdókọ̀ kejì tàbí o dé ìpẹ̀kun ìlú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní mo kí gbogbo èrò ọkọ̀ pé ẹ káàárọ̀. Obìnrin ará Jàmáíkà kan nìkan ló dáhùn. Nílé wa, ẹni tó bá jókòó tì ọ́ láìkí ọ, ìjà ló ń wá.

Ní ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ náà ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta epo pupa, èlùbọ́ àti iṣu. Iṣu kan tí kò ju apá mi lọ, dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Mo gbé e, mo gbọ́ òórùn erùpẹ̀ lára rẹ̀, oko bàbá mi sì wá sí mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí olùtajà fi bi mí bóyá ara mi yá.

Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ á dúró yíká, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, Màmá Adùkẹ́ á sì dá orin. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Dáre ló máa ń dúró tì í. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Dáre sí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí Amẹ́ríkà. Yorùbá rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu rẹ̀, láìsí ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Mò ń tún un ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Dáre gbé kéèkì wá. Ó ti ṣègbéyàwó ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló sì fẹ́. Òfin ibẹ̀ gbà á. Àwọn kan jẹ kéèkì, àwọn kan wò ó níran. Èmi jẹ díẹ̀. N kò ní tàn yín: ohun tí ìjọ mi fi kọ́ mi nípa ìgbéyàwó ni mo ṣì gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi oúnjẹ ayọ̀ lọ̀ mí, n kì í dá a padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí orin ti parí, Màmá Adùkẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Dáre lórí.

“Olúwa, Dáre nìyí! Tú u sílẹ̀ nínú ìdè yìí!”

Gbogbo wa ṣe “Àmín”. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Mo ti ṣe é kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí.

Dáre rọra yọ orí rẹ̀. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.”

“Ìfẹ́ ni mo fi ń ṣe é, ọmọ mi.”

“Mo mọ̀, mà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.” Ó yíjú sí Fúnmi. “Àǹtí, tó bá jẹ́ báyìí ni, màá wá iṣẹ́ síbòmíràn.”

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sílé ni Fúnmi ti tú ọkàn rẹ̀ fún mi. Nígbà tó dé ìlú náà láìní ibùsùn, inú yàrá Màmá Adùkẹ́ ló sùn sí fún odindi ọdún kan.

“Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá ní kí wọ́n dákẹ́, mo di aláìmoore. Tí mo bá sì jẹ́ kí Dáre lọ báyìí, mo rú òfin, mo sì ṣẹ ọmọ náà.”

Bó ṣe là á fún mi, òfin kò gbà kí ọ̀gá fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí ẹni tó fẹ́, tàbí kí ó máa wòran nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà kí ó fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ìjọ lè yan ẹni tí yóò dúró nídìí pẹpẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Fúnmi kì í ṣe ìjọ.

Nígbà tó di àárọ̀, Fúnmi dúró níwájú wọn. “Láti òní lọ, kò sí àdúrà mọ́. Iṣẹ́ nìkan.”

Màmá Adùkẹ́ jókòó, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Fúnmi, n kì í fọwọ́ kan arúgbó kan láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Ṣé kí n máa wọlé bí ẹni tí kò ní Ọlọ́run?”

Ẹnu yà wá pé Dáre ló tún fọhùn. “Àǹtí, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fòpin sí àdúrà o. Orin wọ̀nyẹn ni màmá màmá mi máa ń kọ tí wọ́n bá ń wẹ̀ mí l'Abẹ́òkúta. Mo kàn ní kí wọ́n má gbà á lé mi lórí ni.”

Nígbà náà ni mo rántí ilé ìwé wa ní Iléṣà, ilé ìwé ìjọ, pẹ̀lú ọyẹ́ lójú fèrèsé àti òórùn ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ láàrin wa. Tí a bá ń kọrin ìyìn, wọ́n á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí agogo bá ti dún, wọ́n á wọlé, gbogbo wa á sì jọ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ pé wọ́n pẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì pe ọmọ kan jáde láti gbàdúrà lé e lórí nítorí ẹ̀sìn bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti di ìyá àti bàbá ọmọ báyìí. Wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi lọ́jà. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Màmá Adùkẹ́ fi gíláàsì sójú padà. “Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ fẹ́ sọ wá di ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tò sórí ìlà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara sì tu Fúnmi. Ó ṣe ètò rẹ̀: àdúrà yóò máa wáyé nínú ilé ìdáná kékeré tó wà lẹ́yìn, kí àsìkò iṣẹ́ tó tó. Ẹni tó bá wù ló lè wá. A kò ní máa ṣọ́ ẹni tí kò wá. A kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a dárúkọ òun.

“Èrò mi ò yí o,” ni Màmá Adùkẹ́ wí.

“Tèmi náà ò yí, mà,” ni Dáre dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà, Dáre á máa mu tíì rẹ̀ níta títí a ó fi ṣe tán. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n padà sílé, ó kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Màmá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù. Ó ní kí a bá òun gbàdúrà fún un.

Màmá Adùkẹ́ nawọ́, ó sì tún fà á padà. “Ṣé kí n dárúkọ tìẹ náà?”

Dáre wọlé, ó dúró tì í. “Ẹ dárúkọ mi, mà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ màmá mi nìkan.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe dárúkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Iléṣà padà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àwọn ará ilé sì ń béèrè ohun tí mo rí lókè òkun. Èyí ni mo sọ fún wọn, òun náà ni mo sì kọ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìrìn àjò mi ṣe ẹ̀kọ́: kí ẹ tó gbọ́wọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí, ẹ bi í bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ní rárá, ẹ gbàdúrà yín ní kọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.