Ìṣẹ́jú Ìdákẹ́ Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọdún tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán tí mi ò rí iṣẹ́, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Àyèká. Ilé iṣẹ́ rédíò kan lókè òkun ni bàbá yìí bá ṣiṣẹ́ oníròyìn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ibi tí ogun bá ti ń jà ni wọ́n máa ń rán an lọ. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ títí ó fi sú u. Ọ̀kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ló fi ń dá ilẹ̀kùn pálọ̀ dúró kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó fẹ́ kọ ìwé nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun gbé ohùn inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ òun sínú kọ̀ǹpútà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n, nínú páálí mílíìkì kan. Ọ̀rinrin ti ń bà wọ́n jẹ́.

"Tí o bá ti gbé ọ̀kan tán, dáná sun ún," ló wí. "Wọ́n ti ń rùn."

Tí iṣẹ́ náà bá dára, ó ní òun á kọ lẹ́tà sí àwọn tí òun mọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n gbà mí. Mo fẹ́ lẹ́tà yẹn débi pé àyà mi máa ń já tí mo bá rántí rẹ̀. Kì í ṣe ayọ̀ o. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé màá ṣe nǹkan kan tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó rí i.

Ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, ìdákẹ́ máa ń wà fún bí ìṣẹ́jú kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Mo rò pé ó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ ni. Mo gé gbogbo rẹ̀ dànù kí iṣẹ́ mi lè mọ́, mo sì dáná sun àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó tì mí. "Jẹ́ kí n gbọ́ wọn, ọmọ mi. Ibi ìṣẹ́jú ìdákẹ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìṣẹ́jú ìdákẹ́ wo, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Madaàmù oníròyìn! Tí mo bá fọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò tán, mi ò ní pa ẹ̀rọ. Màá ní kí gbogbo wa dákẹ́, kí n gba ohùn yàrá náà sílẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń dákẹ́. Tí a bá gé ọ̀rọ̀ kúrò láàárín, òun la fi ń dí àlàfo náà, kí olùgbọ́ má baà mọ̀." Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Ọ̀rọ̀ wọn, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Mímí wọn, èmi nìkan ni mo ní in."

Mo ní bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú, kí ó fún mi di ọ̀la. Irọ́ ni. Mi ò ṣe é láti fi rẹ́ ẹ jẹ. Ojú ló tì mí, bí ojú bá sì ti tì mí, mi kì í lè ronú mọ́.

Nílé wa ní Igbódìgò, yàrá kan wà lẹ́yìn tí màmá mi ń kó púpurú sí, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan. Ibẹ̀ ló dákẹ́ jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo gbé fóònù mi sórí àpótí láàárín òórùn èéfín púpurú, mo tẹ ibi tí ó ti ń gba ohùn, mo jáde, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síta fún ìdajì wákàtí, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí lo ń ṣọ́?" Màmá mi ń bó ẹ̀gẹ́ nínú àgbàlá.

"Mò ń gba ìdákẹ́ sílẹ̀ ni, mà."

"Ìdákẹ́! Ohun tí mo rán ẹ lọ sí yunifásítì lọ kọ́ nìyẹn?"

Mo gé e sí ọ̀nà mẹ́tàlélógún, mo lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìparí ohùn kọ̀ọ̀kan. Mi ò gbọ́ ọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni mo rí, ó sì tó mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá náà ki ìyápíìsì bọ etí. Ó gbọ́ ìkíní, ó mi orí. Nígbà tó kan ìkẹrin, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ta nìyí?"

"Àgbẹ̀ tí wọ́n sun oko rẹ̀ ni, sà."

"Ọkùnrin nìyẹn. Obìnrin ló ń mí yìí. Àyà rẹ̀ ń dún."

Mo gba ìyápíìsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ páànù orí yàrá wa tó ń ta pó nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ mímí. Ó rọra ń lọ, ó sún mọ́ fóònù pẹ́kípẹ́kí, bíi ti ẹni tó ru ẹrù wálé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Ó ń dún fíì ní ìparí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo. Ó ń fi okùn ìyápíìsì wé ìka rẹ̀.

"Gbogbo wọn ti lọ nìyẹn," ló wí. Ó dùn mí ju kí ó gbá mi létí lọ, nítorí kò sọ ọ́ sí mi; ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tó yá ó ní, "Ta ló wà nínú yàrá yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn."

"Ṣé o béèrè?"

"Rárá, sà."

"Mi ò lè kọ lẹ́tà fún ẹni tó gba ohùn èèyàn sílẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Padà lọ béèrè."

Mo gun ọ̀kadà padà sí Igbódìgò. Mo bi màmá mi bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní àìsàn àyà.

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀, láìgbààyè lọ́wọ́ mi?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Mo ṣí yàrá náà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wọlé débi àpótí. Mo tẹ fóònù kí ó máa gba ohùn sílẹ̀. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ pé oníròyìn ni mí, mi ò sì tíì pe ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "kí lorúkọ yín?"