Ọkọ̀ Tó Dúró sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ìyá Ìbejì kò mọ bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe ń rí lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ẹ̀fẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ìlú ni ọkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde nílé, ìgbà tí iná ojú títì bá tàn tán ló sì ń wọlé. Òun alára ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn, níbi tó ti ń lẹ aṣọ ìbùsùn tó bá ya. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn sọ kò ju ti ilé ìwé àwọn ọmọ àti ti òrùlé tó ń jò. Àwọn ìbejì ti wá kàwé tán, wọ́n ti ní ilé tiwọn níbi tó jìnnà. Òrùlé náà kò jò mọ́.

Nígbà tí oòrùn ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ọ̀gá gáréèjì pe Dẹ́rẹ́bà, ó ní ó ti tó ẹni tó lè fẹ̀yìn tì, àmọ́ tó bá wù ú, ó ṣì lè fi ọdún díẹ̀ kún iṣẹ́ rẹ̀. Kó lọ ro ó dáadáa, kó mú èsì wá tí ìsinmi rẹ̀ bá parí. Dẹ́rẹ́bà kò rò ó rárá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹrù wúwo, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lo máa pinnu, Ìyá Ìbejì," ó wí. "Ìwọ lo máa máa rí mi nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́. Fi ìsinmi yìí lò mí wò. Tó o bá rí i pé mo ṣeé gbà sílé, màá jókòó. Tí mi ò bá ṣeé gbà, màá padà sídìí ọkọ̀ mi, kò níí bí mi nínú."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé bàtà ni. Àmọ́ bó ṣe ń fọ abọ́, ẹ̀rín náà gbẹ lójú rẹ̀. Bàtà tó bá fúnni lẹ́sẹ̀, èèyàn á dá a padà fún ẹni tó tà á. Ọkọ tó bá fúnni ńkọ́?

Etí òkun ló ti fẹ́ kí wọ́n lọ tẹ́lẹ̀, bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe nígbà oòrùn. Dẹ́rẹ́bà ní ẹni tó ń fi ọkọ̀ wíwà jẹun, tó tún wọkọ̀ lọ ibi ìsinmi, iṣẹ́ ló lọ. Nítorí náà wọ́n fẹnu kò pé ilé ni àwọn á ti sinmi, tí oòrùn bá rọ̀, àwọn á máa rìn káàkiri ìlú. Ìyá Ìbejì gbàyè níbi iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Àkẹtẹ̀ fífẹ̀ tó ti fọkàn sí fún etí òkun, ó rà á bákan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, Dẹ́rẹ́bà jí nígbà tó máa ń jí, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó jókòó sórí àga ní pálọ̀, ó ń wo iwájú. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, ìsinmi lòun wà. Tí Ìyá Ìbejì bá wọlé, Dẹ́rẹ́bà á wò ó títí obìnrin náà á fi jókòó dáadáa kó tó tan fáànù. Tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ dìde lọ mu omi, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, bẹ́ẹ̀ ògiri ló wà lápá méjèèjì.

Ìyẹn ò dun Ìyá Ìbejì. Ìdí tábìlì oúnjẹ ló dùn ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọjú síra, tí wọ́n sì ń dákẹ́ bí àlejò méjì tó ń dúró de dókítà. Ìyá Ìbejì bi í bóyá oúnjẹ dùn. Ó ní ó dùn. Ó bi í bóyá oòrùn ọdún yìí kò mú ju tèṣí lọ. Ó ní ó mú. Ó bi í pé kí ló ń rò. Dẹ́rẹ́bà wá inú ara rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá pàdé lójú ọ̀nà tóóró.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, Ìyá Ìbejì dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó wọ aṣọ olódòdó tó ti rán pa mọ́. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà létí odò tó la ìlú kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà àbùjá wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, ẹsẹ̀ Dẹ́rẹ́bà kò yà síbẹ̀. Ojú títì tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbà ló gbà, tó bá sì dé kọ́nà, á kọ́kọ́ fẹ̀ sọ́hùn-ún kó tó yí, bí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, ó dúró.

"Ibí yìí," ó wí, ojú rẹ̀ sì tàn, "ni ọkùnrin kan ti gbé odindi ilẹ̀kùn wọ ọkọ̀ mi. Ilẹ̀kùn ilé, tòun ti férémù rẹ̀. Mo ní, 'Bàbá, ẹ ò lè gbé ilẹ̀kùn wọ bọ́ọ̀sì.' Ó ní tóun ò bá gbé e délé lónìí, ìyàwó òun..."

Ìyá Ìbejì ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fà á lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ, kó máa sọ ọ́ lọ. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí ni ẹnu Dẹ́rẹ́bà pa dé. Ìyàwó rẹ̀ retí títí, ó wá bi í pé ìyàwó ọkùnrin náà ńkọ́. Dẹ́rẹ́bà ń wo iwájú, kò fọhùn. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ kejì, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn, ti obìnrin kan tó máa ń sanwó ọkọ̀ fún báàgì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó tì í. Wọ́n gbéra, ìyẹn náà já. Bí wọ́n ṣe dé etí odò nìyẹn, tí orí ìtàn kún ọwọ́ Ìyá Ìbejì tí kò sì rí ìrù ẹyọ kan. Ó yíjú sí i lórí bẹ́ńṣì kó lè gbọ́ ìyókù. Dẹ́rẹ́bà wo odò.

Ojoojúmọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ wo àwòrán, wọ́n lọ sórí afárá, wọ́n lọ jókòó ní ìta ilé oúnjẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun lòun sú ọkùnrin yìí. Bó bá jẹ́ pé ìsinmi ránpẹ́ ló rí báyìí, báwo ni ọdún gbọọrọ yóò ṣe rí?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin, onídìrí tí ahọ́n rẹ̀ mú ju kóòmù rẹ̀ lọ. Àbúrò ní kò sí ohun tó ń ronú sí.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa wakọ̀ rẹ̀ lọ. Ọkọ tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé lálẹ́, ẹ̀bùn ni. Ṣé ẹ rí tèmi tó ń jókòó sílé? Ó ti mọ bí iyọ̀ ṣe ń dín kù nínú agolo mi."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó fi dìde lábẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó ti pinnu. Tí ìsinmi bá parí, á ní kí Dẹ́rẹ́bà fi ọdún kún un.

Oòrùn ló sọ ọ̀rọ̀ náà dà nù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n rìn jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, bàtà ń ta Ìyá Ìbejì lẹ́sẹ̀, ó ní òun ò lè fẹsẹ̀ rìn délé. Ni wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan ló ń wà á, sìgbọnlẹ̀ tó jẹ́ pé Dẹ́rẹ́bà gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó tẹ orí bàtà ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọin. Ọkọ̀ dúró, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ṣe ẹ̀tọ́.

Ìyá Ìbejì gbójú sókè nítorí ìrora, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ àkọlé tó wà lókè orí obìnrin náà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ BÁ DẸ́RẸ́BÀ SỌ̀RỌ̀ TÍ ỌKỌ̀ BÁ Ń LỌ. Ó ti ń rí àkọlé yẹn láti ìgbà ọmọdé, bí èèyàn ṣe ń rí ọ̀dà ara ògiri. Ó tún un kà. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń wo iwájú pẹ̀lú ẹnu dídì. Ó rántí ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, ó rántí èkejì.

Wọ́n dé ìparí ọ̀nà, obìnrin náà pa ẹ́ńjìnnì. Kò yíjú sẹ́yìn. Dígí tó wà lókè orí rẹ̀ ló wò, ibẹ̀ ló sì ti kí wọn.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi. Màmá, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè padà. Gáréèjì ti tutù. Kò sẹ́ni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín mọ́."

Ìyá Ìbejì bi í pé ọ̀gá wo ló ń sọ. Obìnrin náà ní èwo tún ni, ọ̀gá tó jókòó yìí ni. Ó ní tí ọkọ̀ bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, ọ̀gá á jókòó sídìí sítíárì, àwọn á kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí èrò, á máa wo àwọn nínú dígí, á sì máa sọ̀tàn títí ikùn á fi máa ro àwọn. Ti ilẹ̀kùn yẹn nìkan, àwọn ti ní kó tún un sọ láìmọye ìgbà.

Dẹ́rẹ́bà ń wo bàtà rẹ̀. Inú ń bí Ìyá Ìbejì. Inú ilé òun ni ìkòkò ń gbé, àwọn ará ìta ló ń jẹ ọbẹ̀ ibẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ti ilẹ̀kùn ṣe parí fún un. Ìyá Ìbejì ní kó má wulẹ̀ ṣèyọnu, òun mọ ẹni tó máa sọ ọ́ fóun.

Bí wọ́n ṣe délé, Dẹ́rẹ́bà lọ sùn díẹ̀. Nígbà tó jí, ó bá àga méjì lọ́dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, méjèèjì dojú kọ títì. Dígí ilé ìwẹ̀ ti wà lára òpó níwájú, Ìyá Ìbejì sì ti jókòó sórí àga ẹ̀yìn tòun ti àkẹtẹ̀ rẹ̀ lórí.

"Kí lèyí?"

"Ẹ jókòó."

"Ẹ̀yìn mi kẹ̀ lo wà?"

"Èrò ni mí. Ọkọ̀ ti dúró, Bàbá Ìbejì, ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó ọkùnrin onílẹ̀kùn ńkọ́?"

Dẹ́rẹ́bà jókòó. Ó na ìka méjì, ó tún dígí náà ṣe títí ojú ìyàwó rẹ̀ fi bọ́ sí i, tòun ti etí àkẹtẹ̀. Ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ìtàn wá. Ó ní ìyàwó ọkùnrin náà ti lé e jáde nítorí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tó ti ń ṣèlérí láti ọjọ́ ìgbéyàwó, pé kò gbọdọ̀ padà láìgbé e dání. Ó gbé e wọ ọkọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ló há sí lóòró, kò lọ iwájú, kò bọ̀ ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló ní ṣé ilẹ̀kùn kọ́ ni, ó na ọwọ́, ó yí i, ó ṣí i, ó sì gba inú rẹ̀ jáde. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ á kọ́kọ́ kànkùn. Àwọn ti inú á ní ta ni o. Ọkùnrin kan tiẹ̀ nu bàtà rẹ̀ kó tó wọlé.

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí àkẹtẹ̀ fi bọ́ lórí rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ń wò ó nínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ó sọ ti báàgì tí wọ́n ń sanwó ọkọ̀ fún. Ó sọ òmíràn. Nígbà tí oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, ó ní èyí tó kù yìí, òun ò sọ ọ́ ní gáréèjì rí.

"Ìwọ náà wọ ọkọ̀ mi lọ́jọ́ kan," ó wí. "Àwọn ọmọ ṣì kéré, wọn ò jẹ́ kó o sùn. O gbé orí lé wíńdò, o sùn lọ. A dé ilé ìwòsàn, mo rí ẹ nínú dígí. Mi ò lè jí ẹ. Mo gbé ẹ dé ìparí ọ̀nà, mo gbé ẹ padà, mo tún gbé ẹ lọ. Mò ń rọra tẹ bíréèkì."

Ẹ̀rín tán lójú Ìyá Ìbejì. Ó rántí ọjọ́ náà. Ó rántí bí ọ̀gá yàrá ìránṣọ ṣe fi ọ̀rọ̀ nà án lójú gbogbo èèyàn. Ó ti di ẹ̀sùn náà sínú láti ìgbà yẹn, pé ọkọ òun gbàgbé òun nínú ọkọ̀ bí ẹni gbàgbé agbòòrùn.

"Mo bú yín lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Mo bú yín láti gáréèjì délé. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Dẹ́rẹ́bà wò ó nínú dígí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

"À ń rìn lọ ni," ó wí.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ náà kò kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ mọ́. Tí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn méjèèjì á wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ẹsẹ̀. Bàbá Tíṣà tó ń gbé ọ̀ọ́kán wọn rékọjá títì lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n pé ibo ni ọkọ̀ náà ń lọ, ṣé àyè ṣì wà. Ìyá Ìbejì dá a lóhùn pé kí wọ́n má bínú, ọkọ̀ ti kún. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé Dẹ́rẹ́bà kò rí dígí fi fá irùngbọ̀n mọ́, ó sì ti fi abẹ ha ara rẹ̀ lágbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìsinmi parí, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga iwájú. Ìyá Ìbejì náà jókòó sí àyè tirẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wò ó nínú dígí.

"Kí ni kí n sọ fún ọ̀gá? Ṣé mo ṣeé gbà sílé?"

Ìyá Ìbejì tún àkẹtẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ní èrò kan nílé," ó wí, "tí kò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sì bá mi ra dígí mìíràn bọ̀ fún ilé ìwẹ̀."

Dẹ́rẹ́bà mi orí pé òun gbọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dìde. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bó ṣe ń lọ. Kò gba àbùjá. Ojú títì bọ́ọ̀sì ló gbà, ó dúró ní ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, ó tún gbéra. Ìyá Ìbejì wọlé lọ gbé omi kaná. Ó mọ̀ pé kò níí tètè dé, ibùdókọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà.