Bàbá Gbéra Tó Ní Kí Ọ̀gá Àgbà Fẹsẹ̀ Hàn

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ yín dà?"

Bí Bàbá Gbéra ṣe bi ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé wọn nìyẹn, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, nínú ìpàdé orí kọ̀ǹpútà! Ọ̀gá àgbà yẹn kì í rẹ́rìn-ín o. Ṣe ló tún wọlé sípàdé láàárọ̀ ọjọ́ náà láti sọ fún wọn pé òun fẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ìyá Ìbejì, máníjà wọn, gbá orí mú. Ó ní, "Yéè! Bàbá yìí ti pa mí."

Ẹ má tíì dá bàbá lẹ́bi. Látìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni Ìyá Ìbejì ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Oníkálukú á pa kámẹ́rà. Lọ́jọ́ kan tó bi wọ́n ní ìbéèrè, ìhanrun ló dá a lóhùn.

Àfi bí Bàbá Gbéra, àgbàlagbà tó ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ṣe tan orin sílẹ̀ ní Mọ́ńdè kan, tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó dìde. "Ẹ gbéra ńlẹ̀! Mi ò fẹ́ rójú ẹnì kankan, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi hàn mí!" Látọjọ́ náà, gbogbo Mọ́ńdè ni wọ́n ń jó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, òfin rẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá jókòó kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Awakọ̀ wọn gbé bàtà méjì síwájú kámẹ́rà, ó bá tirẹ̀ lọ sídìí oúnjẹ. Bàbá ní, "Ṣé bàtà yẹn ń gbàdúrà ni? Ẹ bá mi pe ẹni tó ni ín wá!"

Ká sòótọ́, bàbá fúnra rẹ̀ ò mọ ijó jó. Orin á gba ọ̀tún, òun á gba òsì. Ó yí bìrí lọ́jọ́ kan, ó ta kọ̀ǹpútà nípàá, àjà ilé rẹ̀ ni wọ́n ń wò títí ìpàdé fi parí. Akọ̀wé wọn ní, "Bàbá, a ò rí yín mọ́ o." Ó ní, "Ẹ máa jó lọ, mò ń bọ̀." Yàrá kan náà ló wà o!

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ó wo bàbá títí. Ó tẹ̀ba, ó gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Háà! Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti ya, àtàǹpàkò yọjú síta. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, ẹ̀rín pa òun alára. Wọ́n jó! Ìyá Ìbejì gbàgbé ara rẹ̀ sínú ijó. Ìgbà tó máa lajú, gbogbo wọn ti jókòó.

Bàbá ní, "Ìyá Ìbejì, ó kàn yín."

Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, tẹ́rù ọ̀gá ò jẹ́ kó sọ, bá tú jáde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tì í pa. Iṣẹ́ ńláńlá nìkan la ń dúró dè, a sì ń lé àwọn tó fẹ́ tẹ káàdì àti ìwé pélébé lọ. Ẹ jẹ́ ká gbà wọ́n. Ẹ fún mi lọ́dún kan." Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọ̀gá nu òógùn. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

Ó fún un lọ́dún kan náà. Kí ọdún ọ̀hún tó pé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò rí àyè sinmi mọ́, iṣẹ́ ò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Nígbà tí Bàbá Gbéra papò dà, Ìyá Ìbejì lọ kí ìyàwó rẹ̀.

Màmá ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé orúnkún ń dà á láàmú? Gbogbo alẹ́ Mọ́ńdè ni mò ń fi òróró ra á. Mo ní kó fijó sílẹ̀. Ó ní rárá, pé ọ̀rọ̀ gidi wà nínú máníjà àwọn, ẹ̀rù ló dí i lọ́nà. Ó ní òun á jó títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi jáde."

"Mo sì sọ̀rọ̀ tán, màmá, kò dáwọ́ ijó dúró."

"Mo bi í. Ó ní ẹ ti wá mọ ijó jó jù, òun ò lè pàdánù ìran."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Ìbejì, ẹkún wá tẹ̀lé e. Ó di màmá mú pinpin. Ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá. Ọkọ yín ló gbà wá là."