Máàpù tí Ràúdátù Kà fún Bàbá Rẹ̀

Nígbà tí ojú Àáfà Gàní fọ́ tán, ìwé tí wọn kò lè kà mọ́ ló dùn wọ́n jù. Gbogbo Pàkátà, ní Ìlọrin, ló mọ̀ wọ́n sí olùkọ́ kéú. Ràúdátù, ọmọbìnrin wọn, ń gbé ní àdúgbò Fate, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tòun ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ kì í tán.

Sátẹ́láìtì ń ya àwòrán ilẹ̀ wa láti òkè, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dé, òǹkà lásán ni lójú ẹni tí kò kọ́ ọ. Ràúdátù àti Ọpẹ́yẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gba yàrá iṣẹ́ ní Táíwò Road, ń ṣe áàpù kan tí àgbẹ̀ yóò tẹ orúkọ abúlé rẹ̀ sí, kí ó sì rí i bóyá oko ń tutù tàbí ó ń gbẹ. Àwọ̀ ewé ni ti ibi tó tutù, pupa ni ti ibi tó gbẹ.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alaasári, Àáfà gbọ́ bí Ràúdátù ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà.

"Kí lo ń wò?"

"Máàpù Ìlọrin ni, Bàbá."

"Kà á fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ ewé níbí, pupa lọ́hùn-ún. Wọ́n dá a dúró.

"Níbí wo? Mú mi dúró síbì kan ná. Kí ló wà lápá òsì mi?"

Ó mú wọn dúró sí Ọ̀fà Garage, ó ní kí wọ́n kọjú sí àríwá. Odò Àsà wà lápá òsì, igi ṣì wà létí rẹ̀. Fate wà níwájú, òrùlé ló kún ibẹ̀. Àáfà ń mi orí.

"Agboolé wa ńkọ́?"

Ràúdátù fẹ àwòrán náà sí i títí. Ó lè sọ ohunkóhun tó bá wù ú, wọn kò ní mọ̀.

"Òrùlé Pàkátà ti wọnú ara wọn, Bàbá. Àwòrán yìí ò lè ya ilé kan sọ́tọ̀."

Àáfà ní, "O ṣeun tí o sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ríran, ẹni tó ń kà fún un ló gbára lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn Ràúdátù. Nígbàkúùgbà tí ìkùukùu bá bo oko kan, áàpù wọn máa ń fi àwòrán àtijọ́ dí àlàfo náà, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún Ọpẹ́yẹmí pé ó yẹ kí áàpù náà máa sọ̀rọ̀, kí ó sì máa sọ ibi tí kò rí.

"Ta ló fẹ́ gbọ́ máàpù?" ni Ọpẹ́yẹmí wí. "Bí a bá sì ń ní a ò rí, ṣé wọn ò ní sọ pé iṣẹ́ wa ò dáa?"

"Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa là ń kà á fún wọn."

Wọ́n jiyàn títí kí Ọpẹ́yẹmí tó gbà. Ohùn Ràúdátù ni wọ́n gbà sílẹ̀.

Abúlé kan lẹ́bàá Bódè Sáadú ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Oòrùn mú débi pé ojú fóònù kò ṣeé rí. Ládi, obìnrin Fúlàní tó ń gbin àgbàdo, gbé tirẹ̀ sétí: "Ní ìwọ̀ oòrùn abúlé yín, oko ń gbẹ. Ní ìlà oòrùn, ìkùukùu bò ó. A ò rí ibẹ̀."

"Ó dáa," Ládi wí, "ẹ jẹ́ ká lọ fojú wa wò ó."

Wọ́n lọ, àgbàdo ibẹ̀ ṣì dára. Kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ló fẹ́ràn áàpù náà. Àwọn kan ní àwọ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn, ẹnì kan ní Ràúdátù ń yára sọ̀rọ̀ jù. Ládi ní tòun ni pé ìyá òun ò gbọ́ Yorùbá.

Ní báyìí, òun àti Ràúdátù máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí áàpù náà yóò máa sọ ní èdè Fúlàní. Ládi ní ọ̀rọ̀ tí ìyá òun ń lò fún koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ yàtọ̀ sí ti èyí tó gbẹ tán. Ràúdátù ní kí ó sọ méjèèjì.