Bí Mo Ṣe Ba Giramafóònù Tísà Jẹ́

Ọjọ́ tí Tísà Ọmọ́táyọ̀ gbé giramafóònù bàbá rẹ̀ wá bá mi, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún rédíò àti ẹ̀rọ àwo ṣe ní Kàbbà. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, oníbàárà sì ń dín kù, nítorí fóònù ọwọ́ ni gbogbo ayé fi ń gbọ́ orin báyìí. Odò-Àpẹ́ ni obìnrin náà ti gun ọ̀kadà wá. Ó gbé àpótí ẹ̀rọ náà lé itan, ó sì fi ìró rẹ̀ àtijọ́ kan wé ìwo ẹ̀rọ náà kí nǹkan má baà ha á.

"Okun o, Sámúẹ́lì," ó kí mi bí a ṣe ń kíra ní ilẹ̀ wa.

"Okun, Tísà. Ẹ kú ìrìn."

Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí náà títí dòní n kò lè pè é ní orúkọ mìíràn. Funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ ló fi wá bẹ́ǹṣì kó tó jókòó. Dókítà kan ní Lọ́kọ́ja ti sọ pé òun lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó tún máa ríran, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ká a. Ọkùnrin kan ní Àbújá, tó máa ń kó ohun àtijọ́ jọ, ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ yìí lẹ́nu mọ̀lẹ́bí Tísà kan. Ó ní bí ó bá rí bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún òun, iye tí òun máa san á tó iṣẹ́ abẹ náà.

"Bá mi tún un ṣe kí ọkùnrin náà tó dé," Tísà wí. "Kò dún mọ́. N kò fẹ́ kó bá a bíi pàǹtí."

Giramafóònù ìgbà yẹn kì í lo iná. Sípíríńgì kan tí wọ́n ká jọ ló wà nínú àpótí. Bí o bá fi ọwọ́ yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sípíríńgì náà á le, bó sì ṣe ń tú ni àwo á máa yí. Abẹ́rẹ́ á máa tọ ojú ilà àwo, ìwo á sì gbé ohùn jáde. Sípíríńgì ti Tísà ló já. Mo fi èyí tí mo yọ lára ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, mo fi epo sí i, ó sì kọrin lọ́jọ́ kejì. Ká ní mo mọ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dúró.

Ṣùgbọ́n Tísà ló ni ín, mo sì fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi sánpépà ha àpótí náà títí igi fi mọ́ lójú, mo sì kùn ún ní fáníìṣì tuntun. Bébà kékeré kan wà lábẹ́ ìdérí, ó ti pọ́n, ó sì ti ya. Mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Dúdú ni ìwo náà, òdòdó tí wọ́n yà sí i ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Mo kùn ún ní pupa tó ń dán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Nígbà tí ìyàwó mi rí i, ó ní ó dà bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi dùn.

Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ni orúkọ ọkùnrin Àbújá náà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, ó wo abẹ́ rẹ̀ títí.

"Bàbá, ta ló kun èyí?"

"Èmi ni."

"Bébà tó wà lábẹ́ ìdérí ńkọ́?"

"Ó ti ya. Mo ti jù ú nù."

Ó fà bẹ́ǹṣì, ó jókòó. Kò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Ó ṣàlàyé pé bébà yẹn ló ń sọ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, pé àwọ̀ àtijọ́ ara rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

"Bí sípíríńgì bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò burú," ó wí. "Ẹ kàn bá wa tọ́jú èyí tó já sínú ọ̀rá. Ẹ nu eruku. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ti ha kúrò, kò sí ẹni tó lè dá a padà."

Ó ní iye tí òun lè san báyìí kò ju ti ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀ lásán lọ. Kò tó ojú kan, ká má tilẹ̀ sọ ojú méjì.

Mo jókòó tì í. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ohun tí oníbàárà fẹ́ ni kó dún, kó sì dán. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé dídán lè ba nǹkan jẹ́. Bí mo ṣe ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún Tísà, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì mi.

"Kí nìyẹn?"

Giramafóònù tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú ni. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé màá tún un ṣe, iṣẹ́ oníbàárà kì í jẹ́. Aláǹtakùn ti ṣe ilé sínú ìwo rẹ̀. Adéwálé fà á jáde, ó fẹ́ eruku kúrò, ó rí bébà rẹ̀ níbi tó wà, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ ò tíì fọwọ́ kan èyí?"

"N kò ráyè ni."

Ó ní iye tí òun fẹ́ san fún ti Tísà tẹ́lẹ̀, òun á san án fún èyí lójú ẹsẹ̀. Mo jáde síta, mo dúró létí títì, mo ń wo àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni mo ní láti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, mo ní kó máa gbé e lọ.

Mo gbé owó náà lọ fún Tísà ní Odò-Àpẹ́. Mo ní ọkùnrin náà ti ra ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi títí ojú fi ń tì mí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà, tí ojú rẹ̀ sì ti là, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní Kàbbà láìjẹ́ kí n mọ̀ ṣáájú. Kò fi ọwọ́ wá bẹ́ǹṣì mọ́. Ó rìn wọlé tààrà, ó sì dúró níwájú ẹ̀rọ bàbá rẹ̀. N kò tíì rí ibi gbé e sí.

"Àpótí bàbá mi nìyí," ó wí. "Ṣebí o ní wọ́n ti gbé e lọ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì fi ìka kan tọ ara ìwo náà.

"Bàbá mi kò jẹ́ kun nǹkan ní irú pupa yìí láé." Ó yíjú sí mi. "O yẹ kó o sọ fún mi, Sámúẹ́lì. N kò kọ́ ọ ní irọ́."

"Ẹ má bínú, Tísà."

"Mo bínú. Bá mi pe ọlọ́kadà. Mò ń gbé e lọ sílé."

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa báyìí. Ojú tèmi náà kò gba iṣẹ́ kéékèèké inú ẹ̀rọ mọ́. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń pè mí láti Mopa àti Ìyàrà pé àwọn rí ẹ̀rọ àtijọ́ nínú ilé bàbá àwọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n má kun nǹkan kan sí i, kí wọ́n sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn máa ń gbọ́.

Pálọ̀ Tísà ni tirẹ̀ wà. Àlejò tó bá wọlé á yìn ín, á ní ó dán, á béèrè ẹni tó tún un ṣe.

"Sámúẹ́lì ní Kàbbà ló bà á jẹ́," Tísà á wí, á sì yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á gbé àwo lé e.